Okùn Tí Mo Fi Wọn Ariwo Yín

Ọmọ mi, Elétí Ehoro,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé àwọn ọmọ tó o gbẹ̀bí wọn lọ́sẹ̀ yìí ń mu ọmú dáadáa? Àwa ńlé, a dúpẹ́. Ohun tó ń lé ẹlòmíì kiri ò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ilẹ̀ tó o bá tẹ̀ á máa gbà ọ́ dúró, ilẹ̀ ò sì ní ya mọ́ ọ nídìí láé, agbẹ́kànga ni mí, mo mọ ìdí tí mo fi ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Tó o bá ka ibí yìí, kó o ṣe àmín sókè o, torí ìyá rẹ jókòó tì mí níbí, ó ń ṣe tiẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí àmín méjèèjì pàdé lọ́nà.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìdí wà, mo máa dé ibẹ̀, má sáré mi. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ mi kọ ọ́, ilé-ìwé àgbà tí mo lọ lọ́dún méjì yẹn ò já sí asán. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kọ ọ́, torí inú ń bí mi, tí inú bá sì ń bí mi, bírò máa ń lu ìwé já. Ibi tó o bá ti rí ihò, kó o mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mí jù.

Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, ó sì ń fi bú mi bí ẹni pé èmi ni mo bá a rà á. Adìẹ dúdú yẹn yé ẹyin mẹ́sàn-án, ó pa méje. A ti parí kànga tísà, omi ibẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n n kì í walẹ̀ jìn mọ́ o. Àbúrò káfíńtà ló ń di okùn mú fún mi báyìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀n-hẹ́n, torí ohun tó o bá sọ fún un, ó gbọ́ o, kò gbọ́ o, ẹ̀n-hẹ́n náà ni. Mo wà ní ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní kó fà mí, ó ní ẹ̀n-hẹ́n, mo tún ní kó fà mí, ó tún ní ẹ̀n-hẹ́n, ìgbà tí wọ́n wá fà mí jáde, ọsàn ló jókòó tó ń bó. Ìwọ ni mo rántí lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Lẹ́tà tó o fi rán awakọ̀ ti dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, inú bí mi sí oní-sípíkà tó ń fi ariwo tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ̀bí yín yẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, inú tún bí mi sí ìwọ alára. O ní ẹ ti gbé e lọ sí kóòtù, lọ́yà yín sì ní inú ìwé òfin tó ga jù ní orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti kọ ọ́ pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Mo ní kí ni? Ta ló ní kí wọ́n fún wa? Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mo ti wà láàyè, n kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kankan. Ẹni tó fún mi ní ẹ̀mí ò ní ọ́fíìsì, kì í sì í ní kéèyàn padà wá lọ́la.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo ní tó bá jẹ́ pé nǹkan kíkọ ni, tí wọ́n sì ń fún àwọn èèyàn, tí èmi àti ìyá rẹ ò wá ní in lọ́wọ́, a jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀bùrú la ti ń gbà wà láàyè láti ọjọ́ yìí. Ṣé kò wá ní di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá báyìí? Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ mi tó dáa, mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó wọ awò ojú, ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ kan ti kán, fáìlì àwọn ẹlòmíì ló fi tì í. Mo kí i. Mo sọ fún un pé ẹ̀tọ́ láti wà láàyè ni mo wá gbà, ti ẹni méjì, tọkọtaya. Ó wò mí títí, ó bi mí pé bàbá, ṣé kò sí? Mo ní ó wà o, ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ó wá tú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ wò, ó ní fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lọ́dọ̀ àwọn ni èyí tí wọ́n ń kọ nígbà tó bá ti bọ́. Mo ní kó mú un wá bẹ́ẹ̀, okùn tó bá ní ìdí á ní orí.

Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Wọ́n béèrè orúkọ olóògbé, mo kọ tèmi. Wọ́n béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, mo kọ agbẹ́kànga. Wọ́n béèrè ọjọ́ tó kú, mo kọ pé kò tíì ṣẹlẹ̀. Wọ́n béèrè ibi tó kú sí, mo kọ pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Wọ́n béèrè ẹni tó wà níbẹ̀, mo kọ ìyá rẹ, torí ó sọ pé òun ò ní í lọ ibì kankan. Ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tó fa ikú, ọwọ́ mi dúró, n kò rí nǹkan kan kọ síbẹ̀. Mo ká a, mo tì í bàpò. Obìnrin náà ń pariwo pé wọn kì í gbé e jáde, mo ní kó fọkàn balẹ̀, tó bá ti pé màá gbé e padà wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ariwo tó o gbà sílẹ̀ dé sórí fóònù mi. Ìyàwó tísà ló bá mi ṣí i. Háà! Ọmọ mi! Èmi tí mo ti gbọ́ tí àpáta bú lábẹ́ dígà mi! Sípíkà tó ń lu gbì-gbì-gbì, orin méjì tó ń bára wọn jà, ẹni kan tó ń pariwo pé ẹ wá rà á, ẹ wá rà á, jẹnẹrétọ̀ tó ń hó lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn adìẹ sá lọ. Ìyàwó tísà di etí. Mo tẹ fóònù níbí, mo tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, kò dákẹ́, mo bá dojú odó dé e, ó ṣì ń kùn lábẹ́ odó, mo wá tì í sínú àpò àgbàdo. Ìyá rẹ ní ṣé kì í ṣe pé ariwo náà á ba àgbàdo jẹ́ báyìí. N kò mọ̀, ṣùgbọ́n a ò tíì jẹ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ronú pé ohun tó bá wà, ó ní ìwọ̀n. Mo gbé okùn kànga mi. Mo gbé fóònù sórí ìganná ilé, mo ní kí ìyàwó tísà jẹ́ kó máa pariwo lọ, èmi wá ń fi ẹ̀yìn rìn, mo ń tú okùn sílẹ̀, tí mo bá ti na apá mi méjèèjì tán, màá ta kókó kan. Mo rìn kọjá ilé káfíńtà, mo rìn kọjá igi máńgòrò, àwọn èèyàn ń bi mí pé ṣé kò sí o, mo ní kí wọ́n dákẹ́, mò ń wọn ariwo. Kókó mẹ́tàlélógójì ni mo ta kí etí mi tó sinmi. Ìyàwó tísà ní ohùn inú fóònù ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti gidi. Gbọ́ mi dáadáa, ọmọ mi. Kànga tó jìn jù tí mo gbẹ́ láyé mi, kókó mọ́kàndínlógún ni. Ẹ wà nínú kòtò tó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ níbẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì di okùn mú fún yín.

Ẹ̀yin ẹ tún ní ìjọba rán ẹnì kan tó gbé ẹ̀rọ wá láti wọn ariwo náà. Ó sì kọ́kọ́ sọ fún oní-sípíkà pé lọ́la lòun ń bọ̀! Lọ́la! Tí mo bá fẹ́ wọn kànga, ṣé mo máa ń ránṣẹ́ sí kànga kó lọ múra ni? Dájúdájú, oní-sípíkà pa gbogbo rẹ̀, ó jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn bí àgbà ìlú, ọkùnrin ẹlẹ́rọ gbé ẹ̀rọ sókè, ó ní àádọ́ta ni, ó sì lọ. Àádọ́ta kí ni? Ẹsẹ̀ ni àbí apá? Ibo ló ti ju okùn sílẹ̀? Ẹ ò bi í, ẹ̀ ń wò ó. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, màá bi í.

Èyí tó tiẹ̀ yọ mí lẹ́nu jù ni ti fáànù. O ní oní-sípíkà gbé fáànù ńlá kan wá fún ọ̀gá yín nílé ìgbẹ̀bí pé kẹ́ ẹ máa ti fèrèsé, ọ̀gá yín sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó wá ní kó o fi ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹni tó da iyanrìn sí ọ lójú tó tún ń fún ọ ní aṣọ ìnujú! Ẹ bá mi bi ọ̀gá yín pé ṣé ògiri náà ti gbọ́ pé fáànù ti dé? Torí o ní ògiri gan-an ló ń gbọ̀n.

Mo ka ibi tó o ti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi ní àkàtúnkà. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. O ní ẹ máa ń gbé igi kékeré kan tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo lé ikùn aláboyún, ẹ ó wá da etí lé e, ẹ ó máa ka bí ọkàn ọmọ inú ṣe ń lù, ó sì kéré bí aago tí wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí. O ní lọ́jọ́ ọjà yẹn, ìyàwó ọlọ́kadà dùbúlẹ̀, o da etí lé e, o gbọ́ gbì-gbì-gbì, ó ń lọ déédéé, inú rẹ dùn, o kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ọmọ le. Epo jẹnẹrétọ̀ oní-sípíkà wá tán lójijì. Sípíkà dákẹ́. Ọkàn ọmọ náà sì dákẹ́ mọ́ ọ létí. Ọmọ mi, ibẹ̀ ni bírò ti kọ́kọ́ lu ìwé já. Pé sípíkà lo ti ń kà láti ọjọ́ yìí, o rò pé ọmọ ni. Pé ìgbà tó o wá rí ti ọmọ gan-an gbọ́, ó ti ń lọ tíín-tín, ẹ sáré gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n là á, ọmọ jáde, ó pẹ́ kó tó ké. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ títí, ìyá rẹ kúnlẹ̀ tòun ti orúnkún rẹ̀.

Lọ́yà tiwọn wá dìde ní kóòtù, pẹ̀lú ẹ̀wù dúdú lọ́rùn, ó ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní ìyá wà láàyè, ọmọ wà láàyè, kí ni ẹ wá ń pè ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè? Ó ní kẹ́ ẹ mú òkú wá tàbí kẹ́ ẹ gba ilé lọ. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni mo fi rín in, ìyá rẹ rò pé mo ti ya wèrè. Ṣé dìgbà téèyàn bá kú tán ló tó ní ẹ̀tọ́ láti má kú ni? Kí ló fẹ́ fi ṣe nígbà yẹn?

Ṣé o rántí kànga ilé-ìwé? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ́, ẹ wà ní ìsinmi, ìwọ àti ìyá rẹ lẹ di okùn mú. Mo wà ní kókó kẹrìnlá. N kò gbọ́ nǹkan kan, mò ń súfèé jẹ́jẹ́ mi, mo ń walẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí i pé okùn fún mọ́ mi lábíyá, ẹ ti ń fà mí lọ sókè. Mo bú ọ. Mo ní ta ló ní kẹ́ ẹ fà mí, ṣé mo pè yín ni, ìwọ ọmọ yìí, kò sí nǹkan tó o mọ̀ ju kó o máa da iṣẹ́ rú. Mo ṣì ń bú ọ lọ́wọ́ nígbà tí ògiri kànga wó lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó gbé dígà lọ, ó gbé garawa lọ. Wọ́n ní ikú tí ì bá pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́. Tèmi ò wulẹ̀ ṣí i, ó gbé fìlà lọ pátápátá, ó sì ń bẹ nísàlẹ̀ ibẹ̀ dòní. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo bi ọ́ pé kí lo gbọ́. O ní iyanrìn kan ló sọ pé ṣẹ́ẹ́. Ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ ní Elétí Ehoro.

Ká ní lọ́yà yẹn ló di okùn mú lọ́jọ́ náà ńkọ́? Á ní bàbá náà ò tíì kú, ẹ jẹ́ ká dúró ná. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ti bò mí tán ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn, kí ó lè ní ẹ̀rí.

Ó yá, mo ti ń yí i po láti òkè, jẹ́ kí n sọ ọ́. Láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń pè ọ́ lórí fóònù, tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo bá sọ, o ó ní ẹ̀n? Bàbá, ẹ ní kí ni? Mo rò pé fóònù ni. Mo pààrọ̀ síìmù lẹ́ẹ̀mejì. Mo gun orí òkìtì ọ̀gán, mo ń pariwo orúkọ rẹ, gbogbo abúlé mọ̀ pé mò ń kí ọmọ mi. Mo lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ òpó fóònù, mo bú u, mo ní kí wọ́n fi irin kún òpó náà, kò ga tó, ẹni ẹlẹ́ni ní òun kàn ń ṣọ́ géètì ni. Nínú lẹ́tà rẹ, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó o ti kọ ọ́ wínníwínní bí ẹni pé o ò fẹ́ kí n rí i, o ní dókítà yẹ etí rẹ wò, ti òsì ti lọ, ti ọ̀tún ń tẹ̀ lé e, pé ọdún mẹ́fà tó o ti fi jókòó sábẹ́ sípíkà yẹn ló fà á. O ní kí n má sọ fún ìyá rẹ. Ó ti mọ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí i, èmi ni n kò tètè rí i. Mo jáde lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ilé-ìwé, mo sunkún, n kò ní í purọ́ fún ọ. Etí yẹn! Nínú gbogbo etí tó wà láyé!

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé kó o máa bọ̀ nílé, kó o fi wọ́n sílẹ̀ sínú ariwo wọn. Mo kọ ọ́, o máa rí ibi tí mo ti fi bírò pa á rẹ́. Torí mo ronú lé e pé àwọn ọmọ tó wà nínú ikùn níbẹ̀ yẹn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, wọn ò lè pariwo pé kẹ́ ẹ fa àwọn, ìwọ lo di okùn mú. Tó o bá kúrò, Ẹ̀n-hẹ́n ni wọ́n máa fi síbẹ̀. Dúró. Jẹ́ kí sípíkà dìde, kì í ṣe ìwọ.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ ẹjọ́. Kó o jọ̀ọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti ẹnì kan àti ti okùn, torí awakọ̀ ní okùn náà ti di ẹrù. Fi owó fìlà kún un. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń ṣí fìlà níwájú adájọ́, tí n kò bá sì dé e, kí ni mo fẹ́ ṣí? Tí nǹkan bá kù, kó o ra òróró orúnkún fún ìyá rẹ, èyí tó ń ta dáadáa. Kó o sọ fún lọ́yà yín pé tí adájọ́ bá béèrè bí ariwo ṣe tó, kí wọ́n na okùn mi láti ẹnu ọ̀nà kóòtù, kí wọ́n ka kókó rẹ̀. Tí ẹni tọ̀hún bá sì tún dìde pé ẹ mú òkú wá, kí wọ́n pè mí. Èmi ni òkú tí kò kú.

Mo ti parí fọ́ọ̀mù yẹn, mo fi sínú lẹ́tà yìí, kó o tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tó fa ikú, mo fa ìlà lé e lórí, mo kọ ọ́ pé ohun tí kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Mo wá kọ èsì rẹ̀ síwájú: Ọmọ mi gbọ́.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ èyí tó kù ní etí rẹ. Gbogbo ọmọ tó o ti fà jáde, ayé ò ní í fọ́ mọ́ wọn lórí. Etí tó gbọ́ àlọ wa á gbọ́ àbọ̀ wa. Tí mo bá dé, n kò ní í pariwo pè ọ́ láti ẹnu ọ̀nà, màá wọlé wá, màá fọwọ́ kan èjìká rẹ ọ̀tún. Tó o bá ti rí ọwọ́ tí eékánná rẹ̀ kún fún amọ̀, má wẹ̀yìn, èmi ni.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ṣì wà láàyè.